Ìnáwó àti Àtúntò Nínú Iṣẹ́ Bàálù: Láti Oríta Ọ̀rẹ̀ dé Ojú Ọ̀run

Ìjókòó ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń tà, ìjókòó kì í sì í ṣe ọjà tó ṣe é tọ́jú di ọ̀la. Tòmátì tí kò tà lónìí lè tà lọ́la bí ìyá ọlọ́jà bá já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ìjókòó tó bá ṣófo nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn bàálù ti ṣègbé, owó rẹ̀ kò ní wọlé mọ́ láéláé. Ibẹ̀ ni ìṣòro ìnáwó iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ti yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ náà kedere, kí ó dúró díẹ̀ ní oríta Ọ̀rẹ̀, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Benin ti pàdé èyí tó lọ sí ìlú Oǹdó àti èyí tó lọ sí Òkìtìpupa. Ọkọ̀ elérò mẹ́rìnlá kan wà lórí ìlà. Ọkùnrin tó ń pe èrò ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ náà: "Ó ku ẹnì kan! Ó ku ẹnì kan, ká máa lọ!" Awakọ̀ kò tíì tanná sí ẹ́ńjìnnì, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ló ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Bí wákàtí kan bá kọjá kí ẹni tó kù tó dé, kò sí epo tó jó. Ọkọ̀ kò kún, ọkọ̀ kò lọ: òfin yìí ló ń dáàbò bo èrè onímọ́tò. Bàálù kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Aago tí yóò gbéra ti wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin ti díwọ̀n wákàtí tí awakọ̀ rẹ̀ lè fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Àwọn èrò mìíràn sì ti tò sílẹ̀ ní ìlú tó ń lọ, tí wọ́n ń retí rẹ̀. Ìbáà kún, ìbáà ṣófo, ó gbọ́dọ̀ lọ.

Owó tí bàálù yóò ná kó tó gbéra kó tó balẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ì báà jẹ́ ogún èrò ló gbé tàbí ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ń san owó ìrìnàjò náà. Ìwọ̀nba àwọn tó kẹ́yìn ni èrè. Ìdí nìyí tí ọ̀wọ́ngógó díẹ̀ fi lè sọ ilé-iṣẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín lánàá di onígbèsè lónìí: èrè yẹn tín-ín-rín, òun sì ni ọ̀wọ́ngógó ń kọ́kọ́ jẹ.

Epo ló ń gba apá tó tóbi jù nínú ìnáwó náà. Ọmọ ìyá kẹrosíìnì ni epo bàálù, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Jet A1. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Nàìjíríà, AON, kéde pé láti ọjọ́ 9 oṣù náà, àwọn kò ní fò mọ́, nítorí pé lítà epo kan ti kúrò ní 190 náírà, ó ti di 700 náírà. Nígbà tó ku ọ̀la ni wọ́n fa ọwọ́ ìkéde náà sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ìjọba àti àwọn èèyàn mìíràn ti bẹ̀ wọ́n. Ìṣirò ohun tó ń dùn wọ́n kò le. Boeing 737 àtijọ́, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, máa ń jó nǹkan bíi 3,000 lítà ní wákàtí kan. Ní 190 náírà, 570,000 náírà ni owó epo wákàtí náà. Ní 700 náírà, ó di 2,100,000. Bí èrò ọgọ́rùn-ún bá wà nínú rẹ̀, epo nìkan ti kúrò ní 5,700 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ti di 21,000. Bí èrò bá sì jẹ́ àádọ́ta péré, 42,000 ni. Ní Oṣù Kejì ọdún yẹn kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí gbé tíkẹ́ẹ̀tì tó kéré jù lọ dé 50,000 náírà. Bàálù tó kún dé ìdajì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi owó èrò rẹ̀ ra epo tán nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó oṣù awakọ̀, owó pápákọ̀ tàbí táyà.

Láti ìgbà náà, epo kò padà sílẹ̀. Lọ́dún 2024, lítà kan ti ju 1,000 náírà lọ. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe epo bàálù ní Oṣù Kìíní ọdún yẹn, ìyẹn sì dín wàhálà kíkó epo wọlé láti òkè òkun kù, ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì àti owó dọ́là ni iye rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ lé. Ohun mìíràn tún wà tí ará Ọ̀rẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Ojú títì ni epo bàálù ń gbà dé àwọn pápákọ̀ tó wà lẹ́yìn Èkó, nínú tánkà. Èyí tó ń lọ sí Benin ń la Ọ̀rẹ̀ kọjá, láàárín àwọn tánkà bẹntiróòlù, ọkọ̀ gẹdú àti ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ọ̀nà bá dí nítorí tírélà tó ṣubú, epo yóò pẹ́ kó tó dé ọ̀hún. Owó ọkọ̀ tánkà náà á sì di ara owó lítà. Bàálù tó ń kọjá lókè kò bọ́ lọ́wọ́ kòtò ọ̀nà ilẹ̀.

Lẹ́yìn epo ni dọ́là. Náírà ni èrò fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Dọ́là ni ilé-iṣẹ́ fi ń yá bàálù, tí ó fi ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀, tí ó fi ń san owó adójútòfò, tí ó sì fi ń rán awakọ̀ lọ ṣe ìdánrawò lókè òkun. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Ní Oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ilé-iṣẹ́ tí kò ra ohunkóhun kún ẹrù rẹ̀, tí kò gba òṣìṣẹ́ tuntun kan, bá gbèsè rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́jọ.

Ibi kan tí dọ́là ti ń jó gan-an ni àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ń pè ní C-check, tó máa ń wáyé lẹ́yìn bíi ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì. Kì í ṣe pé wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò lóréfèé. Wọ́n á tú gbogbo ìjókòó kúrò, wọ́n á ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ṣí pákó ìsàlẹ̀ sókè, ẹnjinníà á sì dojúbolẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì láti wá ìpẹtà, pàápàá lábẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń po tíì, nítorí pé ibẹ̀ ni omi máa ń jò sí. Bí wọ́n bá rí ibi tó ti jẹra, irin tuntun gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á sì di ti oṣù méjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Yúróòpù àti Ethiopia ni àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ń gbé bàálù wọn lọ fún èyí. Aero Contractors ní ilé iṣẹ́ àtúnṣe kan ní Ìkẹjà tó ti ń ṣe é fún oríṣi Boeing 737 kan, ó sì yẹ kí irú rẹ̀ pọ̀ sí i. Bàálù tó wà nílẹ̀ òkèèrè tí ẹni tó ni ín kò rí dọ́là san fún àwọn tó tún un ṣe kò lè padà wálé. Gbèsè rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró.

Owó orí tún wà níbẹ̀. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń lọ sí àpò ìjọba, àwọn àjọ tó ń mójú tó òfuurufú sì ń pín in láàárín ara wọn. Lọ́dún 2021, owó tí èrò tún ń san fún lílo pápákọ̀ di 2,000 náírà. Àwọn onílé-iṣẹ́ ń ráhùn lórí èyí lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀ owó ìdá márùn-ún yẹn ni NCAA, ọ̀kan nínú àwọn àjọ náà, fi ń rán olùyẹ̀wò lọ wo bàálù, òun náà ni wọ́n fi ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí fún awakọ̀. Kì í ṣe òun ló pa èyí tó kú nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Ohun tó tún ń jẹ wọ́n run ni àkókò: ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ni kò ní iná tí bàálù lè fi balẹ̀ lálẹ́, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́. Bàálù tó yẹ kó fò lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́ á fò mẹ́rin, owó yíyá rẹ̀ kò sì dín.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé kí ló dé tí wọn kò kàn fi gbogbo ẹrù yìí lé èrò lórí. Oríta Ọ̀rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Láti Èkó sí Benin, bàálù kì í lò ju wákàtí kan lọ. Ọkọ̀ ilẹ̀ lè gba ìdajì ọjọ́. Ẹni tó ń fò kò rà ju wákàtí díẹ̀ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ. Bí owó rẹ̀ bá ti ju ohun tí apá ká, á padà sínú lọ́súríọ̀sì, irú bọ́ọ̀sì ńlá tó máa ń yà ní Ọ̀rẹ̀ kí àwọn èrò lè jẹun, kí wọ́n sì nasẹ̀. Oníṣòwò aṣọ tó ń bọ̀ láti Onitsha, akẹ́kọ̀ọ́, bàbá tó fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta lọ sí ìsìnkú: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń gba ìjókòó tó kẹ́yìn nínú bàálù, àwọn náà ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní nǹkan bí ọdún 2008 sí 2010, nígbà tí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Benin bàjẹ́ kọjá sísọ, tí ọkọ̀ ń sùn sínú ẹrẹ̀, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ yóò gba òfuurufú lọ. "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ni àwọn èèyàn ń sọ láti ìgbà ogun abẹ́lé ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé Ọ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dá wọn padà. Ohun tí ojú èrò rí lójú ọ̀nà yẹn kò jìnnà sí i. Dọ́là ń ti owó tíkẹ́ẹ̀tì sókè, owó bọ́ọ̀sì sì ń fà á sílẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan kò bá rí àyè mí mọ́ láàárín àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ àtúntò máa ń dé.

Láti orí bàálù fúnra rẹ̀ ni àtúntò gidi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Nàìjíríà ra BAC 1-11, bàálù àgbà tí àwọn òyìnbó ń tà lówó pọ́ọ́kú. Okada Air tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní Benin lọ́dún 1983 ní púpọ̀ nínú wọn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ yìí ni àwọn èèyàn fà yọ fún alùpùpù tó ń gbé èrò, ọ̀kadà tó kún oríta Ọ̀rẹ̀ títí dòní. Bàálù àgbà kò wọ́n láti rà, ṣùgbọ́n ó ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń pa, ó sì ń ṣàìsàn nígbà gbogbo. Nígbà tí BAC 1-11 ti ilé-iṣẹ́ EAS já lu ilé ní Kano ní ọjọ́ 4 Oṣù Karùn-ún ọdún 2002, ìjọba fòfin de irú ọkọ̀ náà, ayé bàálù olówó pọ́ọ́kú sì yí padà. Lónìí, àwọn tó ń rọ́gbọ́n dá ń wá bàálù tó bá iye èrò mu. Air Peace gba Embraer E195-E2 rẹ̀ àkọ́kọ́, tó ní ìjókòó 124, lọ́dún 2021. Overland Airways, tó ti pẹ́ tó ti ń lo ATR onífáànù sí àwọn pápákọ̀ kéékèèké, fi Embraer E175 oníjòókòó 88 kún un lọ́dún 2023.

Ìyàtọ̀ tí èyí ń mú wá hàn ní Àkúrẹ́, tí pápákọ̀ rẹ̀ wà fún gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ará Ọ̀rẹ̀ tó fẹ́ lọ sí Àbújá lè gba ọ̀nà Oǹdó lọ wọ bàálù níbẹ̀, tàbí kó lọ sí Benin, tàbí kó padà sí Èkó. Nítorí pé èrò pín sí mẹ́ta báyìí, Boeing ńlá ṣòro láti kún ní Àkúrẹ́. ATR kò jó tó ìdá mẹ́ta epo Boeing yẹn ní wákàtí kan. Ogójì èrò tí yóò dá gbèsè sí Boeing lọ́rùn lè mú èrè wá fún un. Ìlú tí kò bá rí bàálù tó mọ níwọ̀n, yóò pàdánù ìrìnàjò rẹ̀ nígbà àtúntò, nítorí pé ọ̀nà tí kò mówó wá ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé.

Yíyá bàálù náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Èèyàn lè yá a ní òfìfo, kí ó fi awakọ̀ àti ẹnjinníà tirẹ̀ ṣiṣẹ́, tàbí kí ó yá a tòun ti awakọ̀, ẹnjinníà àti adójútòfò. Ọ̀nà kejì wọ́n gan-an, ó sì dára fún ìgbà díẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ni bàálù ń bẹ̀rù láti fún Nàìjíríà ní ti òfìfo, torí pé bí gbèsè bá wọ̀ ọ́, ilé ẹjọ́ lè dí wọn lọ́wọ́ láti gba ọkọ̀ wọn. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí Festus Keyamo jẹ́ mínísítà ọkọ̀ òfuurufú, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde tó mú kó rọrùn fún ẹni tó ni bàálù láti gbà á padà gẹ́gẹ́ bí àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ti Cape Town ti wí. Èyí lè dà bí ohun tó gbè sẹ́yìn àjèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò rí ọkọ̀ òun gbà padà ni yóò yá ni ní owó tó mọ níwọ̀n.

Gbèsè ló kàn. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà tó ń jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ onígbèsè sá sábẹ́ ilé ẹjọ́, kí ó máa fò lọ nígbà tí wọ́n ń tún àdéhùn rẹ̀ ṣe. Delta, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń bá lọ sí Atlanta, wọ abẹ́ òfin yìí ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, ó sì jáde ní Oṣù Kẹrin ọdún 2007. Ní Nàìjíríà, kò sí irú ibòji bẹ́ẹ̀ títí òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 2020 fi dé. AMCON, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2010 láti ra gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ báńkì, ló di olùtúntò. Aero Contractors, tó ti wà láti ọdún 1959, bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2011. Síbẹ̀ ó dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, kò sì tún fò títí di Oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Kejì ọdún 2017, AMCON gba Arik Air, tó jẹ́ èyí tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè nígbà náà, gbèsè tó lé ní 300 bílíọ̀nù náírà sì wà lọ́rùn rẹ̀. AMCON sọ pé nínú ọgbọ̀n bàálù rẹ̀, mẹ́sàn-án péré ló ń fò. Ọ̀nà yìí dá ilé-iṣẹ́ méjèèjì sí, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba gbèsè kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò kó owó tuntun wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì dín kù, wọn kò sì tún padà sí bí wọ́n ṣe wà rí.

Pípààrọ̀ ẹni tó ni ín nìkan náà kì í sì í ṣe àtúntò. Virgin Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní Oṣù Kẹfà ọdún 2005, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti Virgin Atlantic. Nígbà tí òyìnbó ń yọ ọwọ́, ó di Nigerian Eagle lọ́dún 2009, ó sì di Air Nigeria lọ́dún 2010 lọ́wọ́ Jimoh Ibrahim, ọmọ Ìgbótako lẹ́bàá Òkìtìpupa, tí Odigbo àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yòókù ní gúúsù Oǹdó dìbò yàn sí ilé aṣòfin àgbà lọ́dún 2023. Orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún méje ó lé díẹ̀. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, ó dáwọ́ dúró. Bí orúkọ ti ń yí, gbèsè àti owó epo kò yí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ló máa ń kẹ́yìn nínú ìwé àtúntò, àwọn ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, nítorí pé ẹni tó yá ni ní bàálù ní lọ́yà, ẹni tó ń ta epo ń gba owó rẹ̀ kó tó fa epo, owó oṣù nìkan ló ṣe é sún síwájú. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2020, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti ti pápákọ̀ pa fún oṣù mẹ́ta ó lé, Air Peace dá awakọ̀ tó ju àádọ́rin lọ dúró, ó sì gé owó oṣù àwọn tó kù. Ilé-iṣẹ́ náà là á já, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò sí London ní Oṣù Kẹta ọdún 2024. Òdìkejì rẹ̀ ni Nigeria Airways, tó jẹ́ ti ìjọba. Ó ti inú WAAC jáde, ilé-iṣẹ́ tí Bìrìtìkó dá sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia lọ́dún 1946. Nígbà ayé rẹ̀, ó ní bàálù bí ọgbọ̀n. Àwọn bàálù dín kù, àwọn òṣìṣẹ́ kò dín, gbèsè ń gorí gbèsè, kò sì sí ìjọba kan tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò dín wọn kù nígbà tí dídín ṣì lè gbà á là. Lọ́dún 2003, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tì í pa.

Owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò jáde lọ́dún náà, kò sì jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n tó pè wọ́n fún àyẹ̀wò ní Èkó, Kano àti Enugu, kí ìjọba lè san ìdajì àkọ́kọ́, tó lé ní 22 bílíọ̀nù náírà. Wọ́n tò sórí ìlà pẹ̀lú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó ti pọ́n. Àwọn kan fi igi rìn wá. Láàárín wọn ni àwọn tí ọjọ́ orí wọn fi hàn pé wọn kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, opó àti ọmọ òṣìṣẹ́, tí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ́wọ́ wá gba owó ẹni tí kò lè wá mọ́.